Bọ́ọ̀sì ọjọ́ mẹ́ta láti Edinburgh dé erékùṣù Skye ní Scotland: awakọ̀ yìí dára ju ọ́fíìsì rẹ̀ lọ

Bí ẹ bá fẹ́ gba bọ́ọ̀sì oníjókòó 16 yìí fún ẹgbẹ́ yín, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì wọn: aago mélòó la máa dé Culloden? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín. (Pápá ogun àtijọ́ ni Culloden, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà níbẹ̀.) Ohun tí wọ́n fi ojú wa rí níbẹ̀ ló mú mi kọ èyí.

Nínú ìwé ètò, aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni. Aago márùn-ún ti kọjá kí a tó dé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì ti tì. Kò sí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, òjò kò rọ̀. Òfin ni pé awakọ̀ tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Òfin tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ní kí awakọ̀ máa mú èrò kiri ilé olódi Urquhart, iṣẹ́ nìyẹn lójú òfin, kò ka sí ìsinmi. Ló bá di dandan kí a tún dúró síbòmíràn, ibi tí wọ́n sì yàn ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ òtútù kan lẹ́bàá adágún Loch Ness. Ká ní wọ́n jẹ́ kó sinmi ní Urquhart nígbà tí èrò ti sọ̀kalẹ̀, à bá bá ilẹ̀kùn Culloden ní ṣíṣí.

Mo pe ọ́fíìsì. Obìnrin tó gbé fóònù ní pápá ogun ni “Culloden” tó wà nínú ètò, kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ní kí ló dé tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ilé náà fi wà nínú ìwé owó tí a san? Ó ní kí n dúró. Ọkùnrin kan bọ́ sórí fóònù, òun náà tún ohun kan náà sọ. Ìgbà tí mo ka ìlà yẹn sí i létí ló tó ní kí n kọ lẹ́tà. Wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà lẹ́yìn náà, wọn kò bẹ̀ wá.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀” tàn yín. Páàsì Historic Environment Scotland, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́, ń ṣí ilé olódi Stirling àti Urquhart, ṣùgbọ́n kò ṣí Culloden, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláàánú National Trust for Scotland, tàbí ilé olódi Eilean Donan, tí kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Awakọ̀ ńkọ́? Ọ̀gá ni. Ní àfonífojì Glencoe, ó pa ẹ́ńjìnnì kó tó sọ̀rọ̀ 13 February 1692, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí agbolé MacDonald ti gbà sílé, tí wọ́n ti ń bọ́, dìde pa 38 nínú àwọn ará agbolé náà. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ ní Eilean Donan, ó sọ òtítọ́ fún wa pé wọ́n ti wó ibẹ̀ ní 1719, pé láàárín 1919 sí 1932 ni wọ́n tún un kọ́. Ní àwọn ọ̀nà tóóró Skye, ibi ìyàgò tó bá wà lápá òsì ló ń yà sí. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló wà, á dúró sójú ọ̀nà ní ìdojúkọ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ yà síbẹ̀. Ẹnì kan ti páàkì ilé-orí-táyà rẹ̀ sí irú ibẹ̀ lọ́nà òkè Quiraing, awakọ̀ wa sì fẹ̀yìn rìn títí dé ibi ìyàgò tó ṣáájú, kò bínú, kò fọn fèrè. (Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá wà lórí táyà, èébì máa ń gbé ènìyàn níbẹ̀.)

Ìbínú mi rọlẹ̀ ní Culloden náà. Wọn kì í ti pápá ogun, kì í sì í gba owó. Awakọ̀ mú wa láti àsíá búlúù, ìlà àwọn Jacobite (àwọn tó fẹ́ dá ìdílé Stuart padà sórí ìtẹ́), lọ sí àsíá pupa, ìlà ọmọ ogun ìjọba, ẹsẹ̀ bàbá tó ń lo ọ̀pá láàárín wa ló sì ń bá rìn. Ó fi bàtà tẹ ẹrọ̀fọ̀ hàn wá: ìsáré kọluni ni agbára àwọn Jacobite, ilẹ̀ yìí ló dá ẹsẹ̀ wọn dúró níwájú àgbá. Ebi sì ń pa wọ́n, wọ́n ti fi gbogbo òru rìn lọ sí ọ̀nà ìlú Nairn, wọ́n tún padà lásán. Ní 16 April 1746, kò tó wákàtí kan tí ogun fi parí, bíi 1,500 nínú wọn ló kú. Lára òkúta ibojì àwọn agbolé tí wọ́n rì ní 1881, kò sí èyí tí kò dúró tì.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì reluwé Lọ́ńdọ̀nù sí alẹ́ ọjọ́ kẹta: kámẹ́rà ń ṣírò eré ọkọ̀ lórí A9, ọ̀nà tí a ń gbà padà sí Edinburgh, 50 máìlì ní wákàtí sì ni òpin eré irú bọ́ọ̀sì yìí níbi tí ọ̀nà kò bá pín sí méjì. Ẹ sùn sí Edinburgh.