Sienna Àtijọ́ àti Odyssey Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Olùrà ní Ìkòròdú Wò Kó Tó Sanwó

Ìdílé tó ń gbé Ìkòròdú, tí wọ́n pé mẹ́fà tàbí méje nínú ilé, kì í pẹ́ rí i pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kò lè gbé gbogbo wọn lọ sí òde lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni oníṣòwò tó ń ná ọjà Máìlì 12, tó fẹ́ kí ẹrù òun àti àwọn ọmọ òun jọ wọ inú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ méjì ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ fi han irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ìyẹn Toyota Sienna àti Honda Odyssey, èyí tí apá mẹ̀kúnnù sì lè ká nínú wọn ni àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1998 sí 2010. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun mẹ́ta ló ń mú kó máa gbé owó ẹni mì: jíà tó ti fẹ́ kú, ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kọjá àlà rí, àti ìwé tí kò mọ́. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo máa gbé ìfiwéra mi lé ju orí ẹwà lọ, n kò sì ní fi ìdájọ́ mi pamọ́: Sienna tí wọ́n ṣe láti 2007 sí 2010 ni mo máa ní kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e rà, kódà bí owó rẹ̀ bá ju ti Odyssey ọdún kan náà lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Sienna yìí pín sí, ẹni tó bá sì kó gbogbo wọn pọ̀ yóò ṣìnà. Ti àkọ́kọ́, láti 1998 sí 2003, ló rọ̀ lọ́wọ́ jù. Ẹ́ńjìnnì V6 onílíta 3.0 ló wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà kì í sì fojú ire wo ẹni tí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, nítorí ọ́ìlì máa ń dì mọ́ inú rẹ̀ títí yóò fi di ẹrẹ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 2002, Toyota fúnra rẹ̀ fi kún iye ọdún tí yóò fi máa tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, kí ẹ sì tan iná fóònù yín sínú ihò náà. Bí irin inú rẹ̀ bá ń dán, tàbí tó kàn pọ́n díẹ̀, kò burú. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó nípọn, tó ṣeé fi èékánná ha, ẹ má ṣe bá ẹni tó ń tà á jiyàn lórí iye owó rárá, ẹ máa bá tiyín lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àga ẹ̀yìn pátápátá nínú Sienna yìí kì í wọlẹ̀. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kó ẹrù.

Ìkejì, ti 2004 sí 2006, tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì onílíta 3.3 ló ní, táímìn bẹ́líìtì ló sì ń lò, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí àwọn ohun inú ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìbámu. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì náà bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi 145,000 kìlómítà, ìyẹn 90,000 máìlì. Láti 2007 sí 2010, Toyota yọ ẹ́ńjìnnì yìí, ó fi onílíta 3.5 rọ́pò rẹ̀, ṣéènì onírin, tí kì í ní àkókò pípààrọ̀ bíi ti bẹ́líìtì, ló sì fi sínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí tó fún mi láti ní kí ẹni tó ń rà fi owó kún owó, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ́yìn nínú ọkọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì 3.5 náà ní àléébù tirẹ̀: páìpù kékeré kan wà tó ń gbé ọ́ìlì, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, rọ́bà náà sì lè bẹ́ kí gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀ kí awakọ̀ tó mọ̀. Toyota ti fi onírin rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín fọwọ́ kàn án kó sọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ tí ẹ ń wò. Bí ó bá ṣì jẹ́ rọ́bà, kíákíá ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń pe 2005 ní 2007 kí owó rẹ̀ lè lọ sókè. Ìwé kọ́ ló máa tú wọn fó, nọ́ńbà ṣáàsì ni, èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá òsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń jẹ́. Ẹ ka ìkẹwàá láti ọwọ́ òsì: 5 túmọ̀ sí 2005, 7 túmọ̀ sí 2007, 9 túmọ̀ sí 2009, A sì túmọ̀ sí 2010. Nínú Sienna 2004 sí 2010, ìkarùn-ún náà tún ń sọ̀rọ̀: A ni ẹ́ńjìnnì 3.3, K ni 3.5. Ẹ wò ó bóyá ó bá èyí tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀ mu.

Ní ti Odyssey, n kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ó dùn ún wà ju Sienna lọ, ó ń di ọ̀nà mú dáadáa bí awakọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, àga rẹ̀ tuni lára, ọjà rẹ̀ sì sábà máa ń rọ̀ ju ti Sienna ọdún kan náà lọ. Jíà ni ìṣòro rẹ̀. Honda fi kún àkókò tí yóò fi máa tún jíà àwọn tí wọ́n ṣe láti 1999 sí 2001 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó sì di 2004, ó pe àwọn 2002 sí 2004 padà fún àtúnṣe nítorí ìṣòro jíà. Bí wọ́n bá fi Odyssey tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005 lọ̀ yín, ìmọ̀ràn mi kò ní ẹ̀ka méjì: ẹ má rà á, bí ó ti wù kó mọ́ tónítóní tó. Ti 2005 sí 2010 sàn jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n táímìn bẹ́líìtì ni gbogbo wọn ń lò títí dé 2010, bí bẹ́líìtì náà bá sì já lórí ìrìn, fáàfù àti písítìnì inú ẹ́ńjìnnì yóò kọlu ara wọn, iṣẹ́ ńlá ló sì máa ń di. Nǹkan bíi 105,000 máìlì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn Odyssey yìí náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Touring, nítorí àwọn kan nínú wọn ń lo táyà PAX, tí kò lè wọ rímù lásán, tí kò sì sí ní ọjà wa. Ẹni tó bá rà á yóò pààrọ̀ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Sienna pàápàá ní èyí tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ń fà kò ní sípíà táyà rárá, táyà tó lè rìn láìsí afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé wá láti ilé-iṣẹ́. Fún ọ̀nà Ìjẹ̀dé tàbí ọ̀nà Ṣágámù, n kò rí ìwúlò rẹ̀. Ẹ ra èyí tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ń fà.

Epo kò pín Sienna àti Odyssey níyà. Ní ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde, àwọn méjèèjì ń jẹ nǹkan bíi líta 14 fún 100 kìlómítà nínú ìgboro àti líta 10 ní ojú ọ̀nà tó já gaara. Ẹni tó ń lọ láti Ìkòròdú sí Kétu láàárọ̀, tó ń dúró ní Májídùn, tó tún dúró ní Òwódé, kó fọkàn sí líta 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìnáwó yìí ti di ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣírò kó tó ra ọkọ̀ onílíta mẹ́ta sókè.

Níbi páàtì ni Sienna ti gba iwájú pátápátá. Àwọn tó ń fi í kó èrò láti ìlú dé ìlú ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé páàtì rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀, kò sì sí àdúgbò kan láti Odògùnyàn dé Ìgbógbó tí ẹ kò ní rí mẹkáníìkì tó ti tú u palẹ̀ rí. Páàtì Odyssey náà wà, àmọ́ ẹni tó mọ jíà Honda tún ṣe dáadáa kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń bu ọ́ìlì jíà lásán sínú rẹ̀ dípò ti Honda gan-an, èyí tó ń yára ba jíà náà jẹ́.

Ó ku ìbéèrè Tòkunbọ̀ àti èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí. Tòkunbọ̀ kì í fìgbà gbogbo dára jù. Ọ̀pọ̀ ló wá láti àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ń bọ́, tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí ojú títì, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 2010, Toyota pe Sienna 1998 sí 2010 tí wọ́n tà ní irú àwọn ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, nítorí pé okùn irin tó gbé sípíà táyà kọ́ sábẹ́ lè dípẹtà kó já. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wo ibẹ̀ gan-an. Bí okùn náà bá ti di ìpẹtà, páìpù AC tó lọ sẹ́yìn àti páìpù bíréèkì lè wà ní ipò kan náà. Ẹ tún rántí pé máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà: 150,000 tó wà níbẹ̀ ti lé ní 240,000 kìlómítà.

Ewu ti èyí tí wọ́n ti lò níbí ni omi. Nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí àgbàrá bá bo Ajégúnlẹ̀ àti Ìtówòlò, ọkọ̀ tó bá wà níbẹ̀ máa ń mu omi, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó tà á. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn jáde títí dé òpin rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì náà, tí kì í sábà jáde, kì í rí ọṣẹ. Bí ìlà ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ọkọ̀ náà ti wọ omi, wáyà rẹ̀ kò sì ní fún yín ní ìsinmi.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wo ọkọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó tutù. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá rí òróró lójú omi rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dènà kí omi àti ọ́ìlì má pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, ti lè jó. Ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì jíà, kí ẹ nù ún sára bébà funfun. Àwọ̀ pupa ló yẹ kó ní. Bí ó bá dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, a jẹ́ pé jíà ti ń lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ki í sí D, kí ẹ tún ki í sí R. Jíà tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì ronú kó tó mú, tàbí tó bá gbá yín tìì, kò tíì dé ibi tí yóò kú sí ni. Ẹ wà á gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú AC rẹ̀ ní títàn, kí ẹ máa wo ọwọ́ tó ń ka ooru. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ sì tì wọ́n. Okùn tó ń fà wọ́n máa ń já nínú Sienna, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé fi ọwọ́ ṣí, ìyẹn kò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ pa dà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ìwé, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ ni ọkọ̀ kan gbà wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, owó yín á sì wọmi. Ẹ béèrè ìwé aṣọ́bodè, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín, àti ìwé ọdọọdún rẹ̀, kí nọ́ńbà ṣáàsì tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ara ọkọ̀ mu. KRD tó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ kò fi hàn ju pé Ìkòròdú ni wọ́n ti gbà á.

Bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí iye, ẹ ya owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀: táímìn bẹ́líìtì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi, nítorí bẹ́líìtì náà ló ń yí i nínú Odyssey àti Sienna 3.3, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti jíà, ṣọ́ọ̀kì iwájú, àti táyà bí ó bá ti gbó. Bí ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín kò bá tó èyí, Sienna 2004 sí 2006 tí jíà rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí, ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí Odyssey àtijọ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá sì fẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín yọ ọ̀pá jíà wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ lọ wo òmíràn.