Marantz bàbá wa àti Marantz àbúrò mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ orin Marantz méjì, irú tí à ń so mọ́ sípíkà, fi wà lórí tábìlì kan náà ní pálọ̀ mi n'Ìbàdàn. Ọ̀kan ni 2230 tí bàbá wa fi owó Udoji rà ní 1975. Òyìnbó kan tó ń kó ẹrù padà sílé ló tà á fún wọn. Èkejì ni Model 40n tó jáde ní 2022, tí àbúrò mi gbé bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń kun ilé rẹ̀ lọ́wọ́, ló bá ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. N kò fi í sínú páálí o. Mo so ó mọ́ sípíkà, mo sì ń gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Sípíkà kan náà, ẹ̀rọ àwo kan náà, àwo àpàlà kan náà tí bàbá fi sílẹ̀. Màá gbọ́ ọ lórí ti àtijọ́, màá yọ wáyà, màá tún un gbọ́ lórí tuntun.

Kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, tuntun máa ń pa lọ́lọ́. Ti bàbá máa ń hó díẹ̀díẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Lórí tuntun, ìró agídìgbo kọ̀ọ̀kan dá dúró. Lórí ti bàbá, ọ̀kan máa ń fẹ̀yìn ti èkejì. Mo sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn elégbè mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó gberin. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àwo yẹn, n kò mọ̀ pé èémí yẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn olórin gan-an, ti bàbá ló wọ̀ mí lára jù. Ó kún, ó sì rọ̀ létí.

Wáàtì 30 ni 2230 ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, 70 ni 40n. Ẹni tó bá ti rí "PMPO 5000", wáàtì àbùmọ́ tí wọ́n ń kọ sára àpótí ọjà, lè rò pé 30 kò jẹ́ nǹkan kan. 30 gidi ni. Ní 1974, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin mú àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ orin pé kí wọ́n sọ wáàtì tó dájú, torí bíbù-mọ́-ọn ti pọ̀ jù. Bí mo bá yí ti bàbá kọjá ìdajì, aládùúgbò á kan ilẹ̀kùn.

Ibi tí ọkàn mi wà ni rédíò. Táyà irin kékeré kan dùbúlẹ̀ níwájú 2230, Gyro-Touch ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi ìka kan tì í, á yí lọ wẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á máa rìn lórí gíláàsì tó tàn búlúù, láti 88 títí dé 108. Ìka bàbá ti dán ibì kan lára rẹ̀. 40n kò ní FM rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń gbọ́ rédíò, nítorí náà, ọjọ́ tí dátà bá tán, kò sí ìròyìn òwúrọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ ṣá, torí wáyà HDMI kan ṣoṣo ló so ó mọ́ tẹlifíṣàn.

Ẹ má jẹ́ kí ojú dídán ti àtijọ́ tàn yín. Kapásítọ̀ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná pamọ́, ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Eruku á wọ ibi tí à ń yí, ohùn á máa ha. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé ti bàbá fún pààrọ̀ gílóòbù, ó gbowó, bẹ́ẹ̀ ni sípíkà òsì kò fọhùn mọ́. Ẹnì kejì tú u palẹ̀, ó pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀, ó fi oògùn fọ gbogbo ibi tí à ń yí. Láti ìgbà náà, kò tíì yọ mí lẹ́nu. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni tiyín ti wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná: fóltì 120 ni iná tiwọn, tiwa yóò jó o.

Ẹni tó ní àwo àtijọ́, tó sì ń gbọ́ rédíò, kó wá 2230 tí wọ́n tún ṣe dáadáa. Ẹni tí orin rẹ̀ wà lórí fóònù, 40n tó owó tí wọ́n ń tà á, dọ́là 2,499 nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà.

Sátidé tó kọjá ni àbúrò mi wá gbé tirẹ̀. Ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ti bàbá." Ó fi ìka ti táyà yẹn, ó ń wá ibi tí bàbá máa ń gbọ́.