Rífíù Calgary Flames àti NHL: Ọjà yẹn dáa, àwọn tó ń tà á ló ń bà á jẹ́

Láti kékeré ni mo ti ń wo họ́kì orí yìnyín, Flames, ẹgbẹ́ ìlú Calgary ní Kánádà tó ń gbá nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, ni tèmi, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á ni mo ti náwó sí, tíkẹ́ẹ̀tì ni o, jẹ́sì ni o, sub orí tẹlifíṣọ̀n (owó oṣooṣù tí èèyàn ń san kó tó lè wo gémù) ni o, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo kàn ń bú wọn. Tí ẹ bá lọ wò ó lójúkojú, 5 nínú 5. Tí ẹ bá wò ó nílé, 1, ìyẹn gan-an mo ṣojú àánú. Ẹ pa méjèèjì pọ̀ kí ẹ pín in sí méjì, 3 lẹ máa bá níbẹ̀.

Torí Iginla ni họ́kì ṣe wọlé wa. Ìdílé Yorùbá ni wá ní Calgary, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, bàbá mi á máa bèèrè pé kí ni àwọn òyìnbó yìí ń fi igi lé kiri, àfi ọjọ́ tí wọ́n rí IGINLA lẹ́yìn jẹ́sì 12, wọ́n dìde dúró, "Ọmọ ta nìyí?" Jarome Iginla, Edmonton ni wọ́n bí i sí ní 1977, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé dẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Bàbá mi ò mọ offside, wọn ò dẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n, àmọ́ tí kọmẹntétọ̀ bá ti pe orúkọ yẹn wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n á tún un pè fún un látorí àga wọn.

2004 ni ó dùn jù. A bá Tampa Bay Lightning dé fáínà, gémù karùn-ún wọ àfikún àsìkò, níbẹ̀ ni àṣíborí Iginla ti bọ́ dànù, kò yà lọ wá a o, orí lásán ló fi ń sáré kiri, ó gbá puck, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi igi lé kiri yẹn, gólì wọn ta á padà, Oleg Saprykin sọ ọ́ wọlé. Ẹ lọ wo fídíò yẹn. Òpópónà 17th Avenue pupa fòò lọ́dún yẹn, èèyàn bí omi. Wọ́n padà na wá 2-1 ní gémù keje, ó dùn wá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò tíì dárí ẹ̀ jì wọ́n: àwọn tó ni ẹgbẹ́ àtàwọn pílẹ́yà ń fa owó mọ́ra wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá ti gbogbo ẹ̀ pa, sísìn 2004-05 ò wáyé rárá, kò sẹ́ni tó gba ife Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó bá borí ní NHL máa ń gbé. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní 1994, wọ́n tún ṣe é ní 2012, gémù 48 péré lẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí gbá nínú sísìn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù wo ló máa tilẹ̀kùn odidi ọdún kan tí kọ́sítọ́mà á tún padà wá tò síwájú ẹ̀? Àwa padà wá ṣá.

Wọ́n ta Iginla lọ sí Pittsburgh ní 2013. Góòlù 625 ló jẹ kó tó fẹ̀yìn tì, góòlù mẹ́dà Òlíńpíìkì 2002 wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọkùnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gba mẹ́dà góòlù ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, àmọ́ ife Stanley ò kàn án rí.

Lẹ́yìn náà ni 2019 dé. Akim Aliu, pílẹ́yà họ́kì tí wọ́n bí ní Okene, sọ síta pé Bill Peters bú òun nítorí àwọ̀ òun nígbà tó jẹ́ kóòṣì òun ní líìgì kékeré, Bill Peters yìí dẹ̀ ni kóòṣì Flames lásìkò tó ń sọ ọ́ yìí. Ọkùnrin náà kọ lẹ́tà àforíjì, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n gbé rìmóòtù fún mi, wọ́n ní kí n máa wò ó lọ, ó tó àwọn. Wọn ò tíì bá mi wò ó látìgbà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ti sub. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Mo lọ ṣe ìnáwó ní Toronto, mo ní kí n yọjú wo Flames lórí fóònù, mo ti sanwó oṣù yẹn pé pérépéré o, wọ́n ní gémù àdúgbò Calgary ni, pé ibi tí mo wà ò sí lára ẹ̀, àfi kí n ra èyí tó wọ́n jù. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù níwà dáadáa, kò kàn lè ṣe nǹkan kan sí i ni. Kí gémù wá gbà yín láyè tán, ìpolówó! Láti 2022 ni wọ́n ti ń lẹ ìpolówó mọ́ àyà jẹ́sì, ìyẹn ṣì fara dà, èyí tí mo kórìíra ni ti ara pátákó tó yí yìnyín ká, kọ̀ǹpútà ló ń yà á síbẹ̀ fún àwa onítẹlifíṣọ̀n, mọ́tò á kàn sáré kọjá lẹ́yìn ẹni tó gbé puck, ojú yín á tẹ̀ lé mọ́tò, nígbà míì kọ̀ǹpútà á ṣìṣe gé ọwọ́ pílẹ́yà dànù. Tí wọ́n bá lọ sinmi báyìí, tẹ́tẹ́ ló kù, torí Kánádà ti gbà kí èèyàn máa ta tẹ́tẹ́ lórí gémù kan ṣoṣo láti 2021. Ọmọ mi ti mọ odds kó tó mọ orúkọ gólì wa. Haba.

Àmọ́ ẹ lọ jókòó sínú Saddledome, ilé tí Flames ti ń gbá gémù wọn, ná. Ilé náà ti dàgbà, 1983 ni wọ́n ṣí i, ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀ há, tuntun tí wọ́n ń pè ní Scotia Place ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Òtútù yìnyín á kọ́kọ́ lù yín nímú, ẹ á gbọ́ irin bàtà wọn tó ń ha ilẹ̀ krr krr, puck á gbá gíláàsì gbàmù! ẹni tó wà níwájú yín á fò sókè. Tẹlifíṣọ̀n ò lè fi eré yẹn hàn yín láéláé. Bí ìṣẹ́jú kan ò ṣe ní pé ni wọ́n ń fo pátákó wọlé, tí àwọn míì ń fò ó jáde, gémù ò dẹ̀ ní dúró. Tí Flames bá wá jẹ góòlù, iná gidi á bú jáde lókè, nínú òtútù yẹn ẹ á mọ ooru ẹ̀ níwájú orí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wàhálà, ti èèyàn méjì lókè téńté lè ra báàgì ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Èyí tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo ti fagi lé sub, mò ń kó àwọn ọmọ lọ wo Calgary Hitmen, àwọn ọ̀dọ́ ni, àwọn tó ni Flames náà ló ni wọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì wọn dínwó gan-an, ìjókòó tí wọ́n á gba owó gidi lọ́wọ́ yín fún tó bá jẹ́ Flames, ẹ lè rí i rà. NHL fúnra ẹ̀, mo ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń yan gémù. Tij ọmọ Iginla, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń to ara wọn tẹ̀ léra láti mú àwọn ọ̀dọ́ tuntun lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ Utah ló mú un ní ipò 6, Flames wà ní ipò 9, ọwọ́ wọn ò tó o. Ọjọ́ tó bá wá gbá ní Calgary, mo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ìkejì ti bàbá mi ni, bóyá wọ́n á gbà. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání o, ẹ jẹun kúrò nílé.