Àpótí kọ̀ǹpútà tí kì í pariwo: onífóòmù ni àbí oníhò wẹ́wẹ́?

Ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ sábà máa ń sáré ra àpótí tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí nínú. Ó wúlò lóòótọ́: fóòmù máa ń gba ariwo olóhùn tín-ín-rín mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìró tó rinlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá dúró níbẹ̀; rọ́bà tí a fi gbé dísíìkì (ẹ̀yà tó ń yí, tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí) ló ń ṣẹ́pá ìyẹn. Ooru gan-an ni ìṣòro àpótí onífóòmù. Nítorí pé iwájú rẹ̀ dí, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé tó. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ariwo tí a ń sá fún á tún padà dé.

Èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ níwájú kò bo ariwo kankan, àmọ́ ó ń mí. Fáànù ńlá, bíi ti 140 mm, lè máa yí jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí, torí ó ń dín ariwo kù láti orísun. Ó sábà máa ń fúyẹ́ jù. Eruku ni kí ẹ ṣọ́: ẹ máa fọ asẹ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìwé tàbí ìgbohùnsílẹ̀ ni, tí dísíìkì tó ń yí sì pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ mú onífóòmù. Fún géèmù, tàbí graphics card (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) tó máa ń gbóná, oníhò ni.