Ẹ̀yin tó ń ra “antioxidant” fún ìyá yín, ẹ wo ife omi yẹn dáadáa kí ẹ tó sanwó

₦185,000! Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ màmá wa nìyẹn, fún ike oògùn mẹ́ta tí wọ́n pè ní “antioxidant”, èyí tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ gbó. Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni àwọn tó ń ta oògùn náà ti ká òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọn ò kọ́kọ́ gbé oògùn jáde o, ife omi ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n kán iodine, oògùn ojú egbò, sí i, omi pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n ní bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣe ń rí nìyẹn, pé ara ti ń dógùn-ún láti inú. Wọ́n tú kápúsù kan sí i, wọ́n rò ó pọ̀, omi mọ́ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Jìbìtì gbáà ni! Fítámìnì C lásán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kán iodine ojú egbò bí ẹ̀kán márùn-ún sínú ife omi kan nílé yín. Ẹ lọ hóró fítámìnì C kan, oní 100 mg, èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú nílé oògùn, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó. Omi á mọ́. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá pọ̀ díẹ̀ náà á ṣe é. Ẹ má mu ún o! Iodine yẹn ò kúrò nínú omi, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Fítámìnì C ló sọ ọ́ di irú tí kò ní àwọ̀. Bí sítáàṣì bá wà nínú hóró náà, omi lè kọ́kọ́ dúdú bí aró kó tó mọ́. Bó bá dúdú tí kò mọ́ mọ́, a jẹ́ pé sítáàṣì ni wọ́n rọ kún inú kápúsù yín. Kò sí iodine rúsúrúsú nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n wá ń fọ̀?

Wọ́n tún ní kí àwọn ìyá di ọ̀pá irin kan mú, kọ̀ǹpútà tẹ ìwé jáde: ẹ̀dọ̀ kò dáa, kíndìnrín ti ń rẹ̀, egungun ti gbẹ. Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀, wọn ò gba ìtọ̀! Ta ló ń yẹ kíndìnrín wò láìfa ẹ̀jẹ̀, láìgba ìtọ̀?

Èmi ni mo fi owó náà ránṣẹ́, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá rẹ̀ máa sọ pé ara òun ń dógùn-ún tí kò ní sanwó? Ẹ má bú màmá náà, torí ẹni tó wọ aṣọ funfun bíi nọ́ọ̀sì ló bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ohun tí wọ́n kọ sára ike. Fítámìnì A, irú tí wọ́n ń pè ní retinol, 10,000 IU (òṣùwọ̀n fítámìnì ni IU) nínú kápúsù kan, kí ẹ lo mẹ́ta lójúmọ́. 10,000 IU yẹn nìkan ti tó 3,000 máíkírógíráàmù, ibẹ̀ gan-an ni òpin ohun tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lò lójúmọ́. Wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta! Bí ó bá pẹ́ lára, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń sọ egungun di aláìlágbára, fún obìnrin tí egungun ìbàdí rẹ̀ lè ṣẹ́ bó bá yọ̀ ní balùwẹ̀. Fítámìnì E púpọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa dà láìdá. Wọ́n tún ní kí àwọn ìyá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró ná! Ìpànìyàn ni mo pe ìyẹn.

Wọ́n ti dán fítámìnì E yìí wò ní Amẹ́ríkà: obìnrin tó sún mọ́ 40,000, láti ẹni ọdún 45 sókè, ni wọ́n fi wò ó. Àwọn kan lo 600 IU rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005: kò dín jẹjẹrẹ kù, kò sì dín àpapọ̀ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù. Beta-carotene, antioxidant mìíràn tí ara ń sọ di fítámìnì A, tí wọ́n fún àwọn amusìgá tilẹ̀ fi kún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń fi máìkì ta oògùn gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ wa.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lórí Greenbook wọn, ìyẹn àkójọ oògùn tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti ara ike mu. Tiwa jẹ́ ti nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ sọ iye inú kápúsù kan di ìlọ́po iye kápúsù tí wọ́n ní kí ẹ lò lójúmọ́. Ike tí kò bá kọ mg, IU tàbí máíkírógíráàmù, ẹ dá a padà. Ìyá tó bá ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, ẹ gbé e lọ rí dókítà lónìí. Ẹ má ju ike àti rìsíìtì nù o, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ìpínlẹ̀ yín.