Ọ́fíìsì Ojú-Ọjọ́ Ìlú New York: Ohun Tí Wọ́n Ṣe fún Ilé Wa ní Bronx, àti Ibi Tí Agbára Wọn Mọ

Bí ẹ bá ní fúláàtì nínú ilé ńlá kan ní New York, tí ẹ sì wà nínú bọ́ọ̀dù tó ń darí ilé náà, ẹ pe NYC Accelerator, ètò tó ń gba àwọn onílé nímọ̀ràn lórí bí iná àti epo tí ilé ń lò ṣe lè dín kù, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe kankan. Ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba ìlú ló ń sanwó fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín, wọn ò sì ní bọ́ílà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kan tí mo yọ ń bọ̀ níwájú.

Mayor's Office of Climate and Environmental Justice ló ni iṣẹ́ yìí. Ní 2022 ni Mayor Eric Adams dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀, nígbà tó kó àwọn ọ́fíìsì kéékèèké mélòó kan pọ̀ sójú kan: àwọn tó ń wá bí èéfín ìlú yóò ṣe dín kù, àwọn tó ń múra de ìjì àti omíyalé, àwọn tó ń rí sí ilẹ̀ tí kẹ́míkà ti bà jẹ́. Mo yọ ṣùtì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo ti pẹ́ ní Bronx tó láti mọ̀ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́.

HDFC co-op ni ilé wa, ìyẹn ilé tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jọ ni, tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1989, ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù ní Bronx àti Harlem pa ilé wọn tì, wọn ò san owó orí mọ́, ìjọba ìlú sì gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ilé náà. Nígbà tó yá, ìjọba ta púpọ̀ nínú wọn fún àwọn ayálégbé tó wà nínú wọn, $250 fún fúláàtì kan. Ẹ kà á dáadáa, igba dọ́là ó lé àádọ́ta. Díẹ̀ nínú àwọn tó rà á nígbà náà ṣì ń gbé pẹ̀lú wa, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n sì ń jẹ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni èmi ra tèmi lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì sọ mí di akápò bọ́ọ̀dù, nítorí pé gbogbo ẹni yòókù ti kọ̀ ọ́.

Ilé àtijọ́ ni. Bọ́ílà ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ tó ń se omi, oru omi náà á sì gba inú páìpù irin lọ sínú redíétọ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú òtútù January, tí yìnyín ti bo mọ́tò mọ́lẹ̀ ní títì, àwọn tó wà níbi tí oru ti ń kọ́kọ́ dé máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wọ̀ rìn nínú ilé. Àwọn tó wà lápá ìkẹyìn, kóòtù ni wọ́n ń wọ̀ sùn. Owó epo kan náà sì ni gbogbo wa jọ ń dá.

Ní 2019, àwọn aṣòfin ìlú ṣe Local Law 97. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èéfín tó ń mú ayé gbóná láti New York, inú ilé ló ti ń jáde, kì í ṣe láti inú mọ́tò. Òfin náà fi gbèdéke sí èéfín tí ilé tó bá tóbi ju 25,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun lọ lè tú jáde lọ́dún. 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, ó sì tún máa le sí i ní 2030. Tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ilé bá fi kọjá gbèdéke, $268 ni ìtanràn rẹ̀, lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ilé wa, ariwo sọ. Agbaṣẹ́ṣe kan sì ti gbọ́ òórùn owó: ó kọ̀wé sí wa pé àfi ká pààrọ̀ bọ́ílà pátápátá, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtanràn máa gba ilé lọ́wọ́ wa. Iye tó kọ síbẹ̀ kò ṣeé kà sókè lójú àwọn àgbà.

Onímọ̀ tí Accelerator yàn fún wa ló yanjú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ìwé iná láti Con Edison, iléeṣẹ́ mànàmáná wa, àti rìsíìtì epo. Lẹ́yìn náà ló ní irú ilé wo ni. Bí mo ṣe pe HDFC báyìí, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ṣàlàyé pé irú ilé wa, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ní ọ̀nà tiwọn nínú òfin náà, Article 321 ni wọ́n ń pè é. Dípò ká máa ka èéfín, a lè ṣe àtúnṣe mẹ́tàlá tí òfin ti to sílẹ̀, kí wọ́n parí kí 2024 tó tán, kí ìròyìn rẹ̀ sì wọlé ní 2025. Bọ́ílà tuntun kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá.

Ó bá súpà wa, ẹni tó ń tọ́jú ilé, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sára páìpù bí wọ́n ṣe ń lọ. Ohun tí wọ́n fi wé páìpù láyé àtijọ́ ti já dànù níbi púpọ̀, irin wà níhòòhò. Àwọn èkúté ìsàlẹ̀ ilé la ti ń fi epo olówó gọbọi yáná fún láti ọjọ́ yìí. Ó tún fi ohun kan hàn mí tí mi ò mọ̀ rí: oru kì í lè wọ inú páìpù tí afẹ́fẹ́ bá ti kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀nà jáde. Àwọn fáàfù tó yẹ kó máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ ní ìparí páìpù ńlá ti dí pa. Ìdí nìyẹn tí oru fi ń pẹ́ kó tó dé apá ìkẹyìn. Bọ́ílà á máa jó títí, àwọn ti apá ìkẹyìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa móoru, àwọn ti apá ìbẹ̀rẹ̀ á ti máa làágùn. Òtútù ìta nìkan sì ni ẹ̀rọ tó ń darí bọ́ílà náà mọ̀, kò mọ bí inú yàrá ṣe rí.

Ohun tí a ṣe kò ju báyìí lọ: a wé páìpù, a pààrọ̀ fáàfù, a fi sẹ́ńsọ̀ sínú àwọn fúláàtì díẹ̀ kí bọ́ílà lè mọ ìgbà tí ara ti móoru tó, a lẹ bébà tó ń dán mọ́ ògiri lẹ́yìn redíétọ̀ kí ooru lè padà sínú yàrá, a dí ihò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a sì fi gílóòbù LED sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyókù nínú mẹ́tàlá náà, kékeré ni wọ́n. Màmá kan wà láàárín wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti ń gbé àjà kẹrin kí n tó dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí òtútù dé, wọ́n dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ti wá pààrọ̀ ẹ̀rọ náà ni?"

"Rárá o, Mà. Aṣọ la wọ̀ fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Owó epo wa wálẹ̀ dé ibi tí àwọn tó ń bá wa jà nínú ìpàdé fi dákẹ́. Lẹ́tà D tí òfin ní ká lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ bí ilé ṣe ń fi iná àti epo ṣòfò sí, ti di C. Kò tíì tó nǹkan tí èèyàn ń fi yangàn, àmọ́ a kì í fi pátákó bò ó mọ́ tí àlejò bá ń bọ̀.

Ìràwọ̀ tí mo yọ wá dà?

Àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fúnni, wọn kì í fúnni lówó. Ẹni tó máa wé páìpù máa gbowó. Ìròyìn tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, òun náà máa gbowó. Onímọ̀ náà tọ́ka wa sí owó ìrànwọ́ Con Edison, sí ti NYSERDA, ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, àti sí HPD, ẹ̀ka ìlú tó ń rí sí ilé gbígbé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó sì ní ohun tó fẹ́ kéèyàn mú wá. Ilé àwọn olówó ní Manhattan ní máníjà tó ń ṣe èyí fún wọn. Èmi, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi ni mò ń jókòó tì í. Ẹ má sì ṣe rò pé ọ́fíìsì yìí ló ń ṣe gbogbo nǹkan tó bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ ní ìlú: Department of Buildings ló ń fi ìtanràn lé èèyàn, DEP ló ni gọ́tà, DSNY ló ń kó pàǹtí oúnjẹ. Bí ẹ bá gbé ẹjọ́ gọ́tà lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò.

Èkejì, èdè. Òfin ìlú ka èdè mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa túmọ̀ ìwé ìjọba sí. Faransé wà níbẹ̀, Lárúbáwá wà níbẹ̀, Bengali àti Urdu àti Polish wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa Article 321 yìí, èmi ni mo tún un sọ fún àwọn àgbà wa lẹ́nu tèmi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ẹ wo àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá náà: ooru ìgbà òtútù ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ìkankan tó kan bí ilé yóò ṣe tutù ní July. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ẹ̀ka ìlera ìlú gan-an ló sọ pé ewu pé kí ooru pa aláwọ̀ dúdú ní New York tó ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun, inú ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú sí. Ọ́fíìsì yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní April 2024 ni wọ́n gbé EJNYC jáde, ìwádìí tí òfin ti ní kí wọ́n ṣe láti 2017, pẹ̀lú máàpù tó ń fi hàn àdúgbò tí èéfín mọ́tò, ilé iṣẹ́ mànàmáná, omíyalé àti ooru ti ń dà lé orí ẹni kan náà. Mo tẹ àdúgbò wa sínú rẹ̀. Cross Bronx Expressway, títì ńlá tí Robert Moses, ọ̀gá iṣẹ́ ìkọ́lé ìlú nígbà kan, là gba àárín ilé onílé kọjá wà níbẹ̀, tirela tó ń lọ sí ọjà Hunts Point wà níbẹ̀. Máàpù náà dára gan-an, mo sì ti lò ó nínú ìpàdé community board, ìgbìmọ̀ àdúgbò wa, láti béèrè igi sí òpópónà wa. Àmọ́ òfin tó bá lè pàṣẹ fún wa pé ká wé páìpù lè pàṣẹ nípa ooru náà. Títí di ìgbà yẹn, ẹ béèrè HEAP, owó ìrànwọ́ ìjọba lórí iná ilé fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, fún àwọn àgbà yín kí May tó parí, torí pé ó lè fún wọn ní ẹ̀rọ amúlétutù, owó rẹ̀ sì máa ń tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé tiyín ní Canarsie tàbí ìhà gúúsù Queens, Local Law 97 kò kàn yín, ilé yín kéré. Tiyín ni máàpù omíyalé òjò tí ìlú gbé jáde. Ní September 1, 2021, òjò Ida pa èèyàn mẹ́tàlá ní New York, mọ́kànlá nínú wọn kú sínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé. Kì í ṣe etí òkun ni púpọ̀ wọn ń gbé. Bí ẹ bá ní ayálégbé ní ìsàlẹ̀, ẹ yẹ òpópónà yín wò lónìí, kí ẹ sì rántí pé ìbánigbófò (insurance) ilé lásán kì í san owó omíyalé, àti pé èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń tà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọgbọ̀n ọjọ́ á fi kọjá.

Fún ẹni tó fẹ́ pe Accelerator: ẹ kó ìwé iná àti epo ọdún kan gbáko jọ, ẹ mú nọ́ńbà block àti lot ilé yín, èyí tí ìlú fi ń dá ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí súpà wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀. Bí ilé yín bá jẹ́ HDFC tàbí ti ìjọ Ọlọ́run, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.