QGIS fún yíyan ibi tí a ó kọ́ ilé epo sí ní Abẹ́òkúta: ó wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ṣì kù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo ní Abẹ́òkúta, ibi tí mọ́tò ti ń kọjá jù ni wọ́n ń wá ilẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò burú. Bó bá di méjì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ká ní mọ́tò 1,000 ń gba Kútọ̀ láàárọ̀, 800 ń gba Àsẹ̀rò, 500 ń gba Láfẹ́nwá. Bí 700 nínú ti Àsẹ̀rò bá tún gba Kútọ̀, mọ́tò 1,100 péré ni ilé epo Kútọ̀ àti ti Àsẹ̀rò yóò jọ máa pín. Bó bá sì jẹ́ 100 nínú ti Láfẹ́nwá ló ń dé Kútọ̀, Kútọ̀ pẹ̀lú Láfẹ́nwá yóò rí 1,400. Òun ni M. John Hodgson, onímọ̀ jọ́gíráfì, tẹnu mọ́ lọ́dún 1990: a ò gbọdọ̀ ka oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì.

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù, lè ṣe ìṣirò yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ kò ní bọ́tìnì kan tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Ẹ fi QuickOSM, àfikún QGIS kan, fa títì ìlú wọlé láti OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbé e sí EPSG:32631, ètò ìwọ̀n ilẹ̀ tó bá Abẹ́òkúta mu, kó lè máa fi mítà wọn nǹkan. Irinṣẹ́ "Shortest path (layer to point)" ló ń fa ojú ọ̀nà láti àwọn àdúgbò lọ sí ibì kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ ó ṣe é lọ́tọ̀ fún Òkè-Mosàn, lọ́tọ̀ fún Ìtòkú. Ẹ kọ iye mọ́tò sára ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan ilẹ̀ tí iye rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ pa gbogbo ìlà tó gba ibẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ tó tún kà. Ó yá, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo mú èyí tó dáa jù wá. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 10 tẹ́ ẹ fẹ́ mú 3, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà mú mẹ́ta ò ju 120 lọ. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò.

QGIS ò mọ iye mọ́tò o. Kíka mọ́tò ní oríta nìkan ò tó, torí kò sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ bi àwọn dẹ́rẹ́bà léèrè.

Ibi tó ti ń kó àṣìṣe báni ni eré. Bẹ́ ẹ bá yan "Fastest" láì fún títì kọ̀ọ̀kan ní eré tirẹ̀, 50 km ní wákàtí kan ló máa fún gbogbo wọn, á wá máa darí mọ́tò gba àdúgbò oníkòtò. Bí ìlà títì méjì ò bá kanra, ọ̀nà á já. Ẹ sún "Topology tolerance" kúrò ní 0 sí 1. Ní "Direction field", ẹ yan oneway, kẹ́ ẹ kọ "yes" sí "Value for forward direction", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò á máa gba wọ́n wé. Títì tó ní ìdènà láàárín, ìlà méjì ni OpenStreetMap máa ń yà á sí. Bẹ́ ẹ bá fa òbìrí mítà 50 yí ilẹ̀ yín ká, yóò ka ìlà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ mọ́tò tó wà lódìkejì ò lè ré àárín títì kọjá wá ra epo. Ìlà ẹ̀gbẹ́ tiyín nìkan ni kẹ́ ẹ kà.

Fún kẹ́míìsì, ẹ má lo ọ̀nà yìí bó ṣe wà. Èrò inú takisí ò lè ní kí dẹ́rẹ́bà dúró kóun ra oògùn, nítorí náà gáréèjì tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ míì ni kẹ́ ẹ kà.